Nàúrù: Ilẹ̀ Tí A Gbẹ́ Tà

Ìlú tí ó bá ní ohun kan ṣoṣo láti tà, báwo ni yóò ṣe tà á tí kò fi ní ta ara rẹ̀? Ìbéèrè yìí kan erékùṣù Nàúrù nínú Òkun Pàsífíìkì gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 21 péré ní onígun mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fi mọ́tò yí i ká kò ní lo tó wákàtí kan. Kò ní odò tí ń ṣàn. Òkúta fọ́sífeètì ni ọrọ̀ rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣe ajílẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1907 ni àwọn àjèjì ti ń wa òkúta náà lọ, tí owó táṣẹ́rẹ́ sì ń kan onílẹ̀. Nàúrù gba òmìnira ní ọdún 1968. Ní 1970, iṣẹ́ ìwakùsà bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Owó dé. Àwọn ará ìlú kò san owó orí, ìjọba ra ọkọ̀ òfurufú, ó sì kọ́ ilé alájà 52 sí Melbourne.

Wọn kò ṣàì ronú ọjọ́ iwájú o. Wọ́n dá àpò ìpamọ́ kan sílẹ̀ de ìgbà tí òkúta yóò tán. Ìtọ́jú àpò náà ni kò dára. Ní 1993, a ná owó Nàúrù sórí eré orin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, eré tí ó kógbá sílé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní 2004, nígbà tí gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ilé alájà náà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Owó tí ó sọnù ṣeé tún wá, ilẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún erékùṣù náà ti di ṣóńṣó òkúta tí ọkọ́ kò lè ro. Ilẹ̀ Nàúrù ti mú oko Ọsirélíà so wọ̀ǹtìwọnti, ṣùgbọ́n láti òkèèrè ni ìrẹsì àti ẹran inú agolo ti ń wá fún àwọn ọmọ Nàúrù, àrùn àtọ̀gbẹ sì gbilẹ̀ láàárín wọn. Ní 1989, wọ́n pe Ọsirélíà lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nítorí ilẹ̀ tí a bàjẹ́ ṣáájú òmìnira. Ní 1993, Ọsirélíà gbà láti san mílíọ̀nù 107 dọ́là owó tirẹ̀.

Ohun tí Nàúrù wá ń tà lẹ́yìn náà ni àṣẹ láti pẹja nínú òkun rẹ̀. Láti 2001, ó tún gbà kí Ọsirélíà máa kó àwọn tí ń wá ibi ìsádi wá sọ́dọ̀ rẹ̀, owó sì ń tibẹ̀ wọlé. Ní 2015, ó dá àpò ìpamọ́ mìíràn sílẹ̀. Ọsirélíà wà lára àwọn tí ń dá owó sí i.