Kétu: Ta Ló Ń Yan Ìgbìmọ̀ Ìlú?

Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, là ń lọ. Láàárín ìkànìyàn 2002 sí ti 2013, èrò ibẹ̀ fi bí ìdajì pọ̀ sí i. Ẹ wo bí wọn yóò ṣe nílò ọ̀nà, omi àti ọjà tó! Ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi ìbò yàn ló ń bójú tó gbogbo ìwọ̀nyí.

Ẹ gbọ́ dáadáa: nínú ìbò 2020, ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbò gbogbo Bẹ̀nẹ̀ kò ní àga nínú ìgbìmọ̀ Kétu. Àní bí gbogbo Kétu bá dìbò fún un! Ó dà bí kí agbo ilé yan baálé, kí wọ́n ní ó di ìgbà tí àdúgbò bá gbà. Lójú tèmi, kò tọ́. Kétu nìkan kò lè dá yan ìgbìmọ̀ Kétu.