Oògùn Apakòkòrò àti Owó Ilé Ìwòsàn

Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sanwó ilé ìwòsàn rí kò ṣàì ní ohun tí yóò sọ.

Nígbà kan tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, mo gba ìwé owó rẹ̀ wò. Oògùn apakòkòrò, tí a ń pè ní àǹtíbáyọ́tíìkì, fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì owó náà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko, láì yẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ sílé.

Báwo ni a ṣe lè dín irú ìnáwó yìí kù? Kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀fìnkìn kò gbọ́ oògùn apakòkòrò, ibà pẹ̀lú sì ní oògùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kí dókítà tún un gbé yẹ̀ wò bóyá kí a dá oògùn dúró tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti lè gbé nǹkan mì, tí àìsàn rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀, kí oògùn oníhóró rọ́pò abẹ́rẹ́. Owó abẹ́rẹ́ àti owó ibùsùn yóò wálẹ̀. Oògùn ọ̀wọ́n tí a fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ láì gba àṣẹ àgbà dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín àwọn oògùn wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta láti 2017: èyí tí a lè máa lò, èyí tí a ní láti ṣọ́, àti èyí tí a fi pamọ́.

Ẹnìkan lè wí pé ìkà ni kí a fawọ́ oògùn sẹ́yìn. Rárá o. Ẹni tí kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de èsì àyẹ̀wò. Ìlòkulò ni à ń bá wí. Ní 1945, Alexander Fleming, tí ó ṣàwárí pẹnisílíìnì ní 1928, kìlọ̀ pé ìlòkulò rẹ̀ yóò sọ kòkòrò di alágídí. Kòkòrò tí kò bá sì gbọ́ oògùn pọ́ọ́kú mọ́, oògùn ọ̀wọ́n ni yóò kù fún un, bí ó bá tilẹ̀ wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà pé, "Àìsàn wo ni oògùn yìí wà fún? Ọjọ́ mélòó ni a óò lò ó?" Abèèrè kì í ṣìnà.