Òtítọ́ Níwájú Oníṣègùn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tún jẹ́ kí oṣù Ramadan ṣojú ẹ̀mí wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá aṣíwájú wa, Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí dá lórí ìtọ́jú aláìsàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé láádà ńlá wà nínú bíbẹ aláìsàn wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀? Owó ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Owó kọ́ o. Òtítọ́ ni gbèsè àkọ́kọ́.

Ẹ wo ààwẹ̀ tí a ń gbà yìí ná. Ẹni tó bá ń kírun, a rí i. Ẹni tó bá yọ sàká, ẹni tó gbà á mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ yàrá, tó tilẹ̀kùn, tó mu omi tútù, tó nu ẹnu jáde, ta ni yóò mọ̀? Ọlọ́hun nìkan ni. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ òtítọ́ ni ààwẹ̀. Ẹni tó ń bá Ọlọ́hun ṣòótọ́ ní kọ̀rọ̀ láti ìdájí títí di ìgbà ìṣínu, kò yẹ kó dé iwájú dókítà kó wá máa purọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ọbaléńdé wa níhìn-ín tó yẹ kí a máa sọ fún àwọn ọmọ wa. Ọdún 2014 ni, inú Ramadan ló sì bọ́ sí, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn. Lọ́jọ́ Àìkú, 20 oṣù keje, ọkùnrin ará Làìbéríà kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba ń yanṣẹ́lódì nígbà náà, ni wọ́n bá gbé e wá sí ọsibítù aládàáni tí ń jẹ́ First Consultant, ní Ọbaléńdé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ti fara kan ẹni tó ní àrùn Ebola, ó ní rárá. Bẹ́ẹ̀, àrùn náà ti pa ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin kó tó gbéra nílé.

A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti kú, ìdájọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn fà. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ aláìsàn ni Ebola ń bá kiri. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́, àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń kàn.

Dókítà àgbà ibẹ̀, Ameyo Stella Adadevoh, ló wò ó tó ní ọ̀rọ̀ yìí ju ibà lọ. A kò tíì rí Ebola ní Nàìjíríà rí, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò fún un, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀. Àwọn aṣojú ìlú ọkùnrin náà ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ìpàdé ń dúró dè é ní Kàlàbá. Obìnrin náà ní rárá. Ẹ gbọ́ o, rárá méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Èkíní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, ó pa èèyàn. Èkejì dúró ti òtítọ́, ó gba ìlú là.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 oṣù keje, ni ọkùnrin náà kú. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e la kírun Yídì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Ìdúmọ̀tà àti Balógun ṣe máa ń rí tí ìtúnu ààwẹ̀ bá ku ọ̀la. Ká ní wọ́n ti jẹ́ kó jáde sí ìgboro ńkọ́?

Dókítà Adadevoh kó àrùn náà, ó sì kú ní 19 oṣù kẹjọ, ẹni ọdún 57. Àwọn mìíràn tó jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá a lọ, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ẹnì kan tí wọ́n ń ṣọ́ yọ́ kúrò l'Ékòó lọ sí Port Harcourt. Ara tirẹ̀ yá, ṣùgbọ́n dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú. Ẹ ò rí i pé ìpamọ́ náà ni?

Lápapọ̀, 20 èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó ti fara kàn wọ́n kàn, wọ́n sún mọ́ 900, wọ́n ń lọ bá wọn nílé fún ọjọ́ 21. Ní 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó ti gbilẹ̀, èèyàn tó kú lé ní 11,000. Lẹ́yìn àánú Ọlọ́hun, ohun tó gbà wá ni pé dókítà sọ òtítọ́, àwọn aráàlú sì ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn.

Ẹnikẹ́ni má sọ pé kádàrá ni, kò sí ohun tí ìṣọ́ra lè ṣe. Ànọ́bì wa kọ́ wa pé bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà ní ìlú kan, kí ará ìta má wọ ibẹ̀, kí ará ibẹ̀ má sì sá jáde. Nígbà tí Sayidina Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tó gbọ́ pé àrùn wà níbẹ̀, ó yí padà. Wọ́n bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó jẹ́ kó yé wọn pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà lòun ń sá bọ́ sí. Abu Ubaydah ní tirẹ̀ wà láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Ṣáámù. Umar ránṣẹ́ pè é kó jáde, kò fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀, àrùn náà ló sì pa á. Ẹ̀sìn wa mọ iyì ẹni tó dúró ti aláìsàn. Láyé Ànọ́bì gan-an, inú mọ́sáláṣí Mẹ̀dínà ni Rufaydah pàgọ́ sí tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláìsàn, ẹ sọ tinú yín. Bí ẹ bá ti mu àgbo, ẹ wí. Bí ẹ kò bá lo oògùn tí wọ́n fún yín, ẹ wí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, má fi dókítà sílẹ̀ kó o wá máa dín abẹ́rẹ́ kù fúnra rẹ nítorí ààwẹ̀. Ọlọ́hun tó pa ààwẹ̀ láṣẹ nínú Suratul Baqarah, Òun kan náà ló yọ̀ǹda kí aláìsàn san án lọ́jọ́ mìíràn. Ìwọ wá fẹ́ le ju Ẹni tó pàṣẹ lọ ni?

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe kọ́ aláìsàn ní irọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ má sì máa bú nọ́ọ̀sì. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ré òkun lọ, wọ́ọ̀dù tó yẹ kí ọ̀pọ̀ wò, ó lè jẹ́ òun nìkan ló ń wò ó. Bí ẹ bá ń gbé ìṣínu lọ fún èèyàn yín, ẹ bu díẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ̀mí èèyàn tó wà lọ́wọ́ yín, àmáánà ni. Ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ má kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ ṣe é. Ààwẹ̀ kì í ṣe àwáwí fún ìkanra. Bó bá sì di pé ààwẹ̀ fẹ́ dá yín dúró lórí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, àwọn onímọ̀ gbà pé kí ẹ ṣínu, kí ẹ gbà á là, kí ẹ san án padà. Ẹ̀yin aláṣẹ náà, ìbọ̀wọ́, omi, iná àti owó oṣù wọn, ọrùn yín ló wà.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn. Kí Ó ṣọ́ àwọn tí ń tọ́jú wọn, kí Ó sì san án fún àwọn tó fi ẹ̀mí wọn dí ọ̀nà ikú fún wa. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu. Àmín.