'Ojú-ewé kò ṣí': Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ìṣòro wà, láti ayé Netscape títí di ọjọ́ tí wáyà já ní Abidjan



Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abidjan tẹ fóònù wọn, ojú-ewé kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Accra àti Cotonou. Ní Èkó, àwọn oníbàárà báǹkì fẹ́ fowó ránṣẹ́, owó kò lọ.

Ẹni tó bá pa fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó sì tún un tàn, asán ló ṣe. Ẹni tó bá ra dátà kún dátà, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò. Ẹni tó bá gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, wọn kò lè rí àléébù kankan, nítorí pé nǹkan kan kò ṣe fóònù. Ìsàlẹ̀ òkun, níwájú Abidjan, ni nǹkan ti bàjẹ́.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tí ojú-ewé bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìṣòro wà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún nǹkan ṣe. Àwọn tó lo bùráúsà ayé àtijọ́, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí ojú-ewé lórí ayélujára, ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó sì ṣì wúlò lórí Chrome àti Opera òde òní.

Kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Abidjan?

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń gbé Abidjan, ní àdúgbò bíi Treichville àti Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Anago. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kódà, ẹ lè gbọ́ èdè Faransé lójú pópó Èjìgbò, ọkọ̀ sì ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan.

Láyé àtijọ́, ẹni tó ń bọ̀ wálé ni wọ́n máa ń fi owó àti lẹ́tà rán. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìdílé àti ti ọjà ló ń gba orí ayélujára kọjá. Ká sọ pé ìyá kan ń ta aṣọ ní Treichville, tí ọmọ rẹ̀ ní Èjìgbò ń retí owó ilé ìwé. Tí ìyá náà bá tẹ bọ́tìnì ìfowóránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé kò rí èsì, owó lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí ọ̀nà bá là. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ojú-ewé tí kò ṣí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

Báwo ni nǹkan ṣe rí láyé Netscape?

Lọ́dún 1993 ni Marc Andreessen àti Eric Bina gbé bùráúsà Mosaic jáde ní Yunifásítì Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1994, ilé iṣẹ́ tí Andreessen àti Jim Clark dá sílẹ̀ gbé Netscape Navigator jáde. Internet Explorer ti Microsoft dé lọ́dún 1995.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé kaféè ayélujára ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo bùráúsà. Iye àkókò tí èèyàn bá lò ló ń sanwó rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ojú-ewé kò fi ṣí, owó ni.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni kí ojú-ewé máa falẹ̀. Lórí wáyà tẹlifóònù tó ń gbé 28.8 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan tó tóbi tó 100 kilobyte yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 28 kó tó jáde tán. Tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá lójú-ewé kan, ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn. Netscape fàyè gba èèyàn láti pa àwòrán, kí ọ̀rọ̀ nìkan máa jáde. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Opera Mini, tó tàn káyé lọ́dún 2006, gbé dé orí fóònù kékeré: kọ̀ǹpútà Opera á kọ́kọ́ fún ojú-ewé pọ̀ kó lè kéré, kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù.

Ìṣòro kejì ni ojú-ewé àná. Bùráúsà máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ewé tó ti ṣí rí, kó má baà tún lọ gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó dára fún àpò, ṣùgbọ́n ìròyìn àná lè máa jáde bí ẹni pé tòní ni. Nínú Netscape, ẹni tó bá di bọ́tìnì Shift mú tó sì tẹ Reload, ń sọ fún bùráúsà pé kó pa ẹ̀dà àtijọ́ tì, kó lọ gbé tuntun wá. Lórí fóònù òde òní, ẹ lè lọ sí ibi ètò bùráúsà kí ẹ pa àwọn ẹ̀dà náà rẹ́.

Kí nìdí tí Faransé fi ń jáde geere, tí Yorùbá kò jáde?

Ìṣòro kẹta kan èdè wa gan-an. Ètò lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Latin-1, tí ọ̀pọ̀ bùráúsà ìgbà náà gbára lé, ní é, à, ç àti ô tí Faransé ń lò. Kò ní ẹ, ọ àti ṣ tí Yorùbá ń lò. Lórí kọ̀ǹpútà kan náà ní Abidjan, orúkọ Côte d'Ivoire lè jáde láì lábùkù, kí orúkọ Ọ̀ṣun sì dàrú. Ètò Unicode ló wá fún àwọn lẹ́tà wa láyè, ṣùgbọ́n ìṣòro náà ṣì máa ń yọjú, ohun tí ẹ bá sì rí ló máa sọ ibi tó ti wá:

• Àpótí ṣófo: lẹ́tà náà dé, ṣùgbọ́n fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà á.

• Àmì ìbéèrè: ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà náà ti sọnù lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ lọ́dọ̀ yín tó máa dá a padà.

• Lẹ́tà Faransé àti àmì tó lọ́ pọ̀ rúdurùdu: lẹ́tà yín wà níbẹ̀, bùráúsà ló ń fi ètò mìíràn kà á.

Kí ni bùráúsà ń sọ fún yín?

Tí ojú-ewé bá kọ̀, bùráúsà máa ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á. Ẹ wò ó bí ìgbà tí ẹ wá ẹnìkan lọ sí Adjamé.

Tó bá ní òun kò rí orúkọ ibi tí ẹ ń lọ, ó dà bí ìgbà tí ẹ béèrè orúkọ kan ní gáréèjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bí ẹ ṣe kọ àdírẹ́sì náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí lè fà á. Tó bá tọ̀nà, ó lè jẹ́ pé àwọn tó yẹ kó júwe ọ̀nà ni kò fèsì.

Tó bá ní kò sí èsì, ẹ ti mọ ilé náà, ṣùgbọ́n bóyá ọ̀nà ti dí, bóyá onílé kò sì jí.

Tó bá kọ 404, onílé ti dáhùn: ohun tí ẹ wá kò sí níbẹ̀. Ẹ má ṣe ra dátà nítorí 404, torí pé fóònù yín dára, ọ̀nà sì là.

Tó bá kìlọ̀ pé ààbò ojú-ewé náà kò dá òun lójú, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti ọdún orí fóònù yín. Tí wọ́n bá ṣì, ìkìlọ̀ náà lè jáde lórí ojú-ewé tó dára. Tí wọ́n bá tọ̀nà, tí ìkìlọ̀ kò sì lọ lórí ojú-ewé báǹkì, ẹ má tẹ pásíwọ́ọ̀dù yín síbẹ̀ rárá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta?

Wáyà mẹ́rin ló bàjẹ́ lábẹ́ òkun níwájú Abidjan: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2002. Láti Yúróòpù ni àwọn wáyà yìí ti ń bọ̀, wọ́n ń gba ẹ̀bá etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń kọjá lágbègbè Abidjan kí wọ́n tó dé Èkó. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún fi dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà báǹkì ní Nàìjíríà.

Àfonífojì jíjìn kan wà lábẹ́ òkun níbẹ̀ tí Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ìyẹn ihò tí kò nísàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí i pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ọkọ̀ ojú omi ló lọ tún wáyà wọ̀nyẹn so, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ojú-ewé ló nílò òkun. Àwọn tí wọ́n tọ́jú sínú ìlú lè gba ibi ìpàdé ayélujára abẹ́lé, bíi CIVIX ní Abidjan àti IXPN ní Nàìjíríà, láì jáde lọ sí òkèèrè.

Kí lẹ lè ṣe lónìí?

1. Ẹ ka ohun tí bùráúsà kọ, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

2. Ẹ ṣí ojú-ewé mìíràn. Tó bá ṣí, ìṣòro náà lè wà lọ́dọ̀ ojú-ewé àkọ́kọ́. Ẹ fún wọn láyè.

3. Ẹ lo fóònù mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Tó bá ṣí níbẹ̀, ẹ yẹ fóònù, dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wò.

4. Tí ti abẹ́lé bá ń ṣí, tí ti òkèèrè kò ṣí lórí fóònù kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà òkun. Ẹ fi owó dátà yín pamọ́.

5. Tó bá jẹ́ owó lẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù ní àpò báǹkì yín, tàbí kí ẹ pe báǹkì.

Netscape kò sí mọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ilé iṣẹ́ AOL dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá aláṣọ ní Treichville tó tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè àtijọ́ náà ṣì ni yóò bi ara rẹ̀: ṣé ọ̀dọ̀ mi ni, ṣé ojú ọ̀nà ni, àbí ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń lọ bá?