Sienna Ẹgbẹ́ Wa àti Ohun Tí Ọ̀dà Bò Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí, ohun tí wọ́n ń retí ni pé a ó sọ nípa ẹ̀yáwó àti èlé, bí a ti máa ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. Ìyẹn ti wà nínú ìwé tí akápò pín. Ọ̀rọ̀ Sienna ni a fẹ́ sọ. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wo ara wọn lójú báyìí. Ẹ má wo ara yín o. Àwa tí a lọ rà á la fẹ́ fi ẹnu ara wa sọ ọ́, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn wa.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé gbogbogbò ọdún 2021 ni a fẹnu kò pé kí ẹgbẹ́ ra mọ́tò tirẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí. Ẹni tó bá ń ra tòmátì àti ata ní Mile 12 mọ ohun tí ojú ń rí: owó alábàárù, owó mọ́tò, owó agbèrò, kí a sì tó dé Ìkòtún, apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ti di omi. Bí òjò bá wá rọ̀, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ mú wa ní Ìyànà Ìpájà, èrè ọjọ́ náà lọ nìyẹn. ₦3,000,000 ló wà nínú owó tí a yà sọ́tọ̀. Owó yẹn kò lè ra ọkọ̀ tuntun, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Tòkunbọ̀ ló kù. Nígbà tí àwa ṣì wà lọ́mọge, “Belgium” là ń pè é, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà wá. Ọjọ́ ń lọ. Sienna ni gbogbo yín sọ pé kí a rà, ẹ ò sì jẹ̀bi, torí bí wọ́n bá ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni.

Àwa mẹ́rin lẹ rán: alága, akápò, akọ̀wé, àti ọkọ ọ̀kan nínú wa tó ti wa mọ́tò fún ọdún pípẹ́. Mẹkáníìkì kan tí gbogbo wa mọ̀ ní òun á bá wa lọ, kí a fún òun ní ₦10,000. A ní ó ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ₦10,000 yẹn sọ́kàn.

A ò ní dárúkọ ọgbà ọkọ̀ tí a lọ. Mọ́tò náà wà níwájú pátápátá, aláwọ̀ fàdákà, ó ń dán gbinrin. A ṣílẹ̀kùn, òórùn tòkunbọ̀ gba imú wa, inú wa sì dùn. Ọmọkùnrin tó ń tà á pè wá ní “mummy mi” tó ìgbà ogún. Ó ní fẹ́ẹ̀sì bọ́dì ni, pé kò sẹ́ni tó kun ọ̀dà sí i lára rí, pé ìyálé ilé kan ló ń fi gbé ọmọ lọ sí iléèwé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Éésì rẹ̀ tutù débi pé akápò ní kí wọ́n pa á. Aṣọ ẹgbẹ́ la wọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ta ló fẹ́ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́ kó wo abẹ́ mọ́tò? A san ₦2,900,000. Wọ́n fún wa ní rísíìtì, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà. A kà á, a rẹ́rìn-ín, a gbé mọ́tò wa lọ sílé. Ẹ̀yin náà jó, ẹ má sẹ́ o.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà, àfi pé táyà iwájú lápá òsì ń jẹ láti inú. A pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Awakọ̀ ní bí òun bá tẹ búréèkì, ọkọ̀ náà máa ń fa òun lọ sí òsì. A ní kó máa rọra wà á. Àwa la sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn mẹ́ta nínú wa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjìlá, wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìgàndó. Ọlọ́kadà kan já wọ iwájú wọn. Awakọ̀ tẹ búréèkì, mọ́tò sì yí gbirí sí òsì, ó wọ apá ibi tí táńkà epo ti ń bọ̀. Ẹni tó wà nínú táńkà ló yà fún wọn. Ìyá aláta kan tó wà nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó wà níbí lónìí, a kò ní tọ́ka sí i.

Ọjọ́ kejì ni a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó gbìyànjú títí, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀, ẹsẹ̀ òsì kò bá ẹsẹ̀ ọ̀tún dọ́gba. Ó wọ abẹ́ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó sì pè wá. “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wá wo nǹkan.” Lọ́jọ́ yẹn, a sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin wà lára ṣásí, ó rí gbágungbàgun bí ojú àpá, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ó ní wọ́n ti gé imú mọ́tò yìí sọnù, wọ́n sì jó imú mọ́tò mìíràn mọ́ ọn.

Ó mú òòfà tó yọ lẹ́yìn sípíkà àtijọ́, ó fi aṣọ wé e, ó fi lé mọ́gáàdì ọ̀tún. Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi lé ti òsì, ó já bọ́. Irin kọ́ ló wà níbẹ̀, ẹbọ tí wọ́n ń fi dí ihò ni, èyí tí àwọn panẹ́lì bítà ń pè ní fílà. (Kì í ṣe fìlà orí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń bo apárí.) Ó wá ní kí a ṣíná kí a wo iná éábáàgì. Iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tó kú fúnra rẹ̀. Tiwa kò tàn rárá. Wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ibi tó yẹ kí éábáàgì wà, àkísà ni a bá níbẹ̀. Bí táńkà yẹn bá gbá wọn ńkọ́?

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ló parí rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981 ló ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní VIN, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa rí i ní abẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, àti lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò ní I, O tàbí Q nínú, kí ó má baà dàrú mọ́ 1 àti 0. Èyí tó jẹ́ ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 7 ni tiwa, ìyẹn 2007. Lórí ìyẹn, wọn kò parọ́ fún wa. Ọmọ náà san owó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn mọ́tò náà jáde, ó tún wá bá fọ́tò rẹ̀. Sienna wa nìyẹn, aláwọ̀ fàdákà, ní ìpínlẹ̀ Texas lọ́dún 2019, iwájú rẹ̀ wó wọlé, éábáàgì méjèèjì so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Máìlì 148,000 ló ti rìn nígbà yẹn. Nínú mọ́tò tí a rà, 91,000 ló wà lójú rẹ̀. Ó dà bí èso ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n lójú, tí kòkòrò kún inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí irú rẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá fọ́ débi pé owó àtúnṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì gba ọkọ̀ náà lọ tà ní gbàǹjo. Ìjọba ìpínlẹ̀ á kọ “salvage” sára ìwé rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ìwé yẹn kì í tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á ní Èkó. Èyí tí omi gbé ńkọ́? Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005 àti ìjì Harvey tó fi omi bo Houston ní 2017, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló bà jẹ́, irú wọn kì í ṣàìsí lára ohun tó ń di títà. Àjọ UNEP ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní oṣù kẹwàá 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 àlòkù ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa nìkan.

A padà lọ bá ọlọ́jà. Ó nawọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sí rísíìtì. Agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ ìyá ìjọ wa ló sọ fún wa pé àjọ FCCPC, tí òfin 2018 dá sílẹ̀, ti sọ ní gbangba pé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹ̀tọ́ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọjà bá lábùkù. Ó ní kóòtù fún ẹjọ́ kéékèèké tún wà ní Èkó láti 2018, tí kì í gba ẹjọ́ gbèsè tó bá ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ó wá ní kí a kọ́kọ́ lọ sí Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀, tó ti wà láti 1999, ọ̀fẹ́ sì ni. Ibẹ̀ la lọ. Ìwé àkọ́kọ́, ọkùnrin náà kò wá. Ìkejì, ó wá. Ó ní bí òun ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé nìyẹn, òun náà kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ó ṣeé ṣe. Ó san ₦400,000 fún wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó ti wá korò ni ilé tiwa. Wọ́n ní a gba kọ́míṣọ́ọ̀nù. Wọ́n ní alága ti kọ́ fẹ́ǹsì nínú rẹ̀. A gbọ́ gbogbo rẹ̀ o. A kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ fi hàn, nígbà tó jẹ́ pé àwa náà la kọ mẹkáníìkì sílẹ̀? Ní ìpàdé tí a ṣe lórí ohun tí a ó fi mọ́tò náà ṣe, àwọn kan ní kí a kun ún, kí a tà á, kí a má sọ nǹkan kan. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ṣe wá ni ká ṣe fún ẹlòmíràn. Kí a má purọ́, ọ̀pọ̀ wa ló ń mirí, àwa ìgbìmọ̀ gan-an ń mirí. Ìyá àgbà elélùbọ́ ló dìde. Ó ní, “Ẹni tó bá rà á, ṣé kì í ṣe Ìkòtún yìí náà ló máa gbé e wá? Ṣé kì í ṣe ọmọ wa ló máa wọ̀ ọ́ lọ sí Mile 12?” Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ní Ládípọ̀ la tà á fún. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti àga rẹ̀ ṣì dára, ₦1,150,000 ni wọ́n san. Wọ́n gé ìyókù níṣojú wa, akápò sì ya fọ́tò rẹ̀. Owó tí a fi rà á àti owó tí a ná sí i lórí ìwé àti táyà jẹ́ ₦3,085,000. Ohun tó padà wọlé jẹ́ ₦1,550,000. Ẹgbẹ́ pàdánù ₦1,535,000. Àwa mẹ́ta tí a wà nínú ìgbìmọ̀ kò gba èrè orí owó wa fún ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó fi ipá mú wa. Ìwé gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò, àti rísíìtì, àti fọ́tò Texas. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Ẹ ti ní kí a tún ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbìmọ̀ mìíràn lẹ yàn, a sì dúpẹ́. Nọ́ńbà 17 yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Òòfà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé, kí wọ́n wá mú un. Mẹkáníìkì wa á bá wọn lọ. Owó rẹ̀ ti di ₦30,000 báyìí. A ti san án.