Ọmọ Tí A Pọ̀n Kò Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn
Ọ̀rọ̀ lórí àga ọmọdé nínú ọkọ̀ òfurufú àti takisí, tí a kà níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìlá Ọ̀ràngún

Bí ará ọ̀nà bá wọlé ní ilẹ̀ wa, ewu ọ̀nà ni a ń kí i kí á tó bi í léèrè ohunkóhun. Àwọn baba wa tí ó fi ìkíni yìí sílẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré: wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó rin ọ̀nà jíjìn tí ó sì dé láyọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó lè pa á.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yàn fún wa lónìí ni kí á sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń gbé àwọn ọmọ wa kéékèèké rin ìrìn àjò nínú ọkọ̀ òfurufú àti nínú takisí. Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ọ̀nà àti ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni a ń ṣe ọ̀nà àti ilé ìwé fún, bí kò ṣe àwọn ọmọ? Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni tí ọmọ sin ni ó bímọ.

Àga ọmọdé tí à ń wí yìí kì í ṣe ohun tí àwọn olówó fi ń ṣe fáàrí. Ìjókòó líle ni, tí a tẹ́ tìmùtìmù sí nínú, tí ó ní okùn ìdè tirẹ̀ tí ó gba èjìká méjèèjì àti ìbàdí ọmọ kọjá. Bẹ́líìtì mọ́tò, tàbí ìwọ̀ irin tí a ṣe mọ́ ìjókòó mọ́tò, ni a fi ń dè é mọ́lẹ̀ gbọn-in-gbọn-in. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ti ọmọ ọwọ́ ni ó ń kọ ẹ̀yìn sí iwájú mọ́tò, nítorí pé orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì tí ì le. Bí mọ́tò bá dúró lójijì, ẹ̀yìn àga náà ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ dúró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni ti ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí ó kọjú sí iwájú. Ẹ̀kẹta ni ìjókòó àgbéga, tí ó ń gbé ọmọ tí ó ti le dáadáa sókè, kí bẹ́líìtì àgbà lè gba èjìká àti itan rẹ̀ kọjá, kí ó má ṣe gba ọrùn àti ikùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ohun tí a ṣe fún àgbà kì í sábà bá ọmọdé mu.

Ìyá ilẹ̀ wa ní àga tirẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àga náà, ọ̀já ni okùn ìdè rẹ̀. Kò sì sí èyí tí ó dára jù ú lọ fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko tàbí ọjà. Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í rin ìrìn ẹsẹ̀. Bí mọ́tò tí ń sá eré máìlì 30 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, ọmọ tí a kò dè yóò fò síwájú pẹ̀lú agbára tí ó tó ìlọ́po 30 sí 60 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ ọdún kan tí ó wọn kílò 10 yóò wá dàbí ẹrù kílò 300 ó kéré tán, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Ìyá wo ni ó lè na ọwọ́ méjèèjì mú àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà tí ń fò lọ? Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kù, agbára ni kò tó. Bí ìyá bá sì pọ̀n ọmọ nínú mọ́tò, ara rẹ̀ ni yóò fún ọmọ mọ́ ìjókòó. Bí ó bá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara rẹ̀ àti ọmọ pọ̀, ìwúwo rẹ̀ ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì náà.

Ọ̀rọ̀ apá ìyá yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ibòmíràn ṣáájú wa. Ìpínlẹ̀ Tennessee ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin àga ọmọdé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978, dókítà àwọn ọmọdé kan tí ń jẹ́ Robert Sanders sì wà lára àwọn tí ó jà fún un jùlọ. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fi àyè kan sílẹ̀ nínú rẹ̀: wọ́n ní bí àgbàlagbà bá gbé ọmọ sí apá, ó tó. Dókítà náà kò sinmi, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ọdún 1981 ni wọ́n pa àyè náà dé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1985, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ní òfin àga ọmọdé.

Ti ọkọ̀ òfurufú ńkọ́? Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, ọkọ̀ òfurufú United Airlines kan tí ó gbéra láti Denver lọ sí Chicago bàjẹ́ lókè, ó sì fọ́ níbi tí ó ti fẹ́ balẹ̀ ní Sioux City. Ènìyàn 296 ni ó wà nínú rẹ̀. 112 nínú wọn kú. Ọmọ kéékèèké mẹ́rin ni kò ní ìjókòó tiwọn. Jan Brown, olórí àwọn olùtọ́jú èrò inú ọkọ̀ náà, sọ fún àwọn òbí wọn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìgbà náà, pé kí wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sì dì wọ́n mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kú. Lẹ́yìn èyí ni Brown fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ ìjọba pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó tirẹ̀. Àjọ tí ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà náà sì dá irú ìmọ̀ràn yìí ní ọdún 1990.

Síbẹ̀, àjọ tí ń ṣe àkóso ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ kò sọ ọ́ di òfin; ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì lè jókòó lórí itan òbí rẹ̀ títí di òní. Ìdí tí wọ́n sọ ni ó yẹ kí àwa ará Ìlá fi etí sí. Wọ́n ní bí a bá fi tipátipá mú òbí ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọwọ́, àwọn mìíràn yóò fi ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀, wọn yóò wọ mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ewu mọ́tò ju ti ọkọ̀ òfurufú lọ fíìfíì. Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí ń ti London bọ̀ wá sí Ìlá kò ṣòro. Ibi tí ewu pọ̀ sí jù nínú ìrìn àjò rẹ̀ kì í ṣe orí òkun. Ọ̀nà tí ó ti Èkó gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìkìrun wọ Ìlá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni jàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún, pé òun sì ni ó ń pa àwọn tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohun mìíràn lọ. Bí a bá fi iye ènìyàn wò ó, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń kú jù.

Kí ni a wá ń rí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, òfin ní ọmọ gbọ́dọ̀ lo àga ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà níbẹ̀ ń pa òfin yìí mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, àga ọmọ yóò wọ ẹ̀yìn takisí pẹ̀lú àwọn àpótí, ọmọ yóò sì bọ́ sí itan ìyá àgbà. A dè é níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, a tú u sílẹ̀ níbi tí kòtò àti tírélà wà. Ǹjẹ́ nítorí ọlọ́pàá ni a ṣe ń de ọmọ, àbí nítorí ọmọ náà? Àwa ará ilé náà kò sàn jù wọ́n lọ. Láti ọdún 1988 tí a ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wa ti kọ́ láti de bẹ́líìtì nígbà tí a bá rí wọn lókèèrè, àti láti tú u nígbà tí a bá kọjá wọn. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ wí pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àyè sílẹ̀ fún takisí, pé bí awakọ̀ kò bá ní àga, ọmọ lè jókòó sí ẹ̀yìn láìsí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ni ó fi àyè sílẹ̀, jàǹbá kò fi àyè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ bí a ti lè ṣe é. Bí agbára bá wà, ẹ ra ìjókòó fún ọmọ nínú ọkọ̀ òfurufú. Kí ẹ tó san owó, ẹ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà léèrè bóyá wọ́n gba irú àga tí ẹ ní. Àga tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà máa ń ní àkọlé pupa lára pé ó yẹ fún mọ́tò àti ọkọ̀ òfurufú. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀: èyí tí kò bá ju ínǹṣì 16 lọ ni ó sábà máa ń wọ ìjókòó ibẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó má baà dí ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn bí ó bá di pé kí á tètè sá jáde. Ìjókòó àgbéga kò wúlò níbẹ̀, nítorí bẹ́líìtì ọkọ̀ òfurufú kì í gba èjìká. Bí agbára kò bá sí láti ra ìjókòó kejì, ẹ má ṣe torí èyí fi àga náà sílẹ̀ ní ilé; ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dì í dáadáa kí ó má baà fọ́, nítorí inú takisí ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò wá pàdé yín wá takisí tí bẹ́líìtì ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ó fà á wò, kí ó sì kì í bọ ojú rẹ̀ wò, nítorí nínú ọ̀pọ̀ takisí wa, bẹ́líìtì ẹ̀yìn ti sọnù sí abẹ́ ìjókòó. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ jókòó. Ẹ má ṣe gbé àga tí ó kọ ẹ̀yìn sí iwájú sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ níbi tí àpò afẹ́fẹ́ wà. Bí àpò náà bá bẹ́ jáde, ibi tí orí ọmọ wà ni yóò gbá. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ mú àga náà ní ìsàlẹ̀, kí ẹ mì í: bí ó bá yẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ, kò tí ì dè. Bí ọmọ bá ń sunkún, ẹ dúró níbi tí ó dára, ẹ gbé e jáde kí ó na ara. Ẹ má ṣe tú u nígbà tí mọ́tò ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra àga àlòkù, ẹ má ṣe ra èyí tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀. Àga tí ó ti wà nínú jàǹbá rí ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní, àwa tí a dàgbà, ta ni ó dè wá mọ́ àga? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀nà mú lọ kò sí níhìn-ín láti dáhùn ìbéèrè náà. Àwọn mìíràn yóò ní Ọlọ́run ni olùṣọ́. Àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbàdúrà kí olè má wá kì í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ sùn. Àwọn kan yóò ní owó ni kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni a fi lọ̀ yín. Èkíní, kí akọ̀wé wa kọ ìwé sí àwọn ọmọ Ìlá ní òkè òkun, kí àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà ju àga lọ fi í ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, bí kò bá tí ì gbó, tí kò sì wà nínú jàǹbá rí. Èkejì, kí ẹgbẹ́ tọ́jú àwọn àga náà sí Èkó àti sí Ìlá, kí á máa yá wọn fún àwọn tí ń bọ̀ wá sí ilé nígbà Kérésìmesì, Iléyá àti ọdún ìbílẹ̀ wa. Ẹ̀kẹta, kí aṣojú ẹgbẹ́ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, kí àwọn tí ó bá tún bẹ́líìtì ẹ̀yìn mọ́tò wọn ṣe di ẹni tí a ó máa pè ṣáájú ẹlòmíràn.

Àwọn agbẹ́gilére Ìlá ti gbẹ́ ère ìbejì fún àwọn ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì wọn kú. Ìyá a wẹ ère náà, a fi osùn pa á, a fún un ní oúnjẹ, kí ọmọ tí ó lọ má baà di ẹni ìgbàgbé. Bí àwọn ìyá wa bá lè tọ́jú ère igi tó báyìí, kò yẹ kí ó nira fún wa láti de ọmọ tí ó wà láàyè mọ́ àga. Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Àwa tí a pọ̀n ọn ni a mọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.