Ilé Là Ń Wò: Ẹ̀kọ́ nípa Ìgbéyàwó àti Ẹbí Lójú Ìmọ̀ Ìbágbépọ̀ Ẹ̀dá

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò tíì gbé ìyàwó, tí kò sì tíì lọ sílé ọkọ, inú ẹbí kan náà ni a bí i sí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láwùjọ, kò sí ẹni tí kò ní ní ohun tí yóò sọ. Oníwàásù yóò sọ bí ó ti yẹ kí tọkọtaya máa gbé pọ̀. Agbẹjọ́rò yóò sọ ohun tí òfin fi àyè gbà. Òbí yóò sọ irú ẹni tí òun fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ni ó wúlò. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ìmọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí sosiọ́lọ́jì, ti ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kò kọ́kọ́ béèrè bí ó ti yẹ kí ó rí. Ohun tí ó ń béèrè ni bí ó ti rí gan-an: ta ni ń gbé inú ilé náà? Ta ni ń bá ta jẹun? Ta ni ó ni ọmọ? Ta ni ń san owó ilé-ìwé? Ta ni yóò sì jogún bí baálé ilé bá kú?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀kọ́ náà mu púpọ̀. Ẹni tí kò bá wo ilé kí ó tó sọ ohun tí ẹbí jẹ́, yóò ṣi ẹbí pè. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹni náà ni ó ń ṣe òfin, tàbí pé òun ni ó ń kọ́ ilé fún ará ìlú, àṣìpè rẹ̀ lè tú ilé onílé ká.

Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ fi ojú ìmọ̀ yìí wo ilé ni N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1939 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ tí ó ṣe nípa ìbágbépọ̀ àwọn Yorùbá. Ó kú ní ọdún 1944, iṣẹ́ náà kò sì di ìwé títẹ̀ títí di ọdún 1970, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé e jáde. Ohun kan tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn ni pé ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àdéhùn ènìyàn méjì nìkan. Ìdílé méjì ni ó ń so pọ̀. Alárinà a máa rìn, ìdílé ọkọ a máa ṣe ìwádìí ìdílé ìyàwó, ti ìyàwó náà a sì máa ṣe ìwádìí tiwọn. A ó tọrọ, a ó dáná, kí ìyàwó tó wọlé. Bí ọkọ bá kú láyé àtijọ́, ọ̀kan nínú ìdílé rẹ̀ a máa ṣú opó rẹ̀. Onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kò sọ pé opó ṣíṣú dára tàbí pé kò dára. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ti ìdílé méjì, ikú ẹnìkan kò tú u. Lẹ́yìn èyí ni ó tó béèrè ohun tí opó fúnra rẹ̀ rí nínú rẹ̀, ohun tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀, àti ohun tí ó fi dù ú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo ènìyàn ń lò lójoojúmọ́: ọkọ àti ìyàwó. Nínú agbo ilé, kì í ṣe ọkùnrin tí ó gbé obìnrin níyàwó nìkan ni obìnrin náà ń pè ní ọkọ. Àbúrò ọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àní ọmọbìnrin ilé pàápàá, ọkọ ìyàwó ni wọ́n. Ọmọ ọwọ́ tí a bí nínú ilé ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ìyàwó wọlé, ó ti wà nílé ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà ni ìyàwó kò ṣe gbọdọ̀ pè é lórúkọ gan-an. Adúmáradán tàbí Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí orúkọ mìíràn tí ó wù ú ni yóò fún un. Ọmọbìnrin kan náà tí ó jẹ́ ọkọ nínú ilé bàbá rẹ̀ láàárọ̀ lè padà sí ilé ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ó sì di ìyàwó níbẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1997. Àlàyé rẹ̀ ni pé ipò àgbà àti bí ẹnìkan ti wọ ìdílé ni ó ń pín ènìyàn sí ipò nínú ilé Yorùbá àtijọ́, kì í ṣe pé ẹnìkan jẹ́ akọ tàbí abo. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan tọ́ka sí iṣẹ́ ilé àti àṣẹ tí ọkùnrin ní lórí obìnrin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Bí ọ̀rọ̀ inú ilé kò bá bá ọ̀rọ̀ inú ìwé mu, ìwé ni ó yẹ kí a tún wò.

Ibi tí àṣìpè yìí ti di ọ̀rọ̀ ìyà àti ìṣẹ́ ni Èkó. Ní ọdún 1928 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú Èkó ṣe, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ṣẹ́ yọ níbẹ̀. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti wó apá kan àárín ìlú náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀, kí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Súrùlérè. Lójú àwọn tí ó ya àwòrán ilé náà, oore ni wọ́n ń ṣe: ilé tuntun, omi, títì tí ó gún régé. Ẹbí tí ó wà lọ́kàn wọn ni ọkọ, ìyàwó àti ọmọ, nínú ilé kékeré tiwọn.

Peter Marris, oníwàádìí ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ àti níbi tí a kó wọn lọ. Ọdún 1961 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ohun tí ó rí ni pé ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí yẹn, ilé ẹbí ni. Bàbá àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà níbẹ̀, ọjà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni wò ó. Obìnrin lè fi ọmọ sílé kí ó lọ tajà. Súrùlérè jìnnà sí oníbàárà, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Òwò ọ̀pọ̀ obìnrin rọlẹ̀. Ní ilé àtijọ́, ìyàwó ní àpò tirẹ̀, ọkọ ní tirẹ̀. Nígbà tí àpò ìyàwó gbẹ, gbogbo ẹrù bọ́ sórí ọkọ tí owó ilé àti owó ọkọ̀ ti ń wọ̀ lọ́rùn. Àwọn ọkọ kan kó ìyàwó àti ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí nítorí pé wọn kò lè bọ́ wọn mọ́. Ìbẹ̀wò ẹbí dín kù, ìrànlọ́wọ́ tí àgbà ń rí gbà sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá tọkọtaya jà. Ilé tí a kọ́ láìbéèrè bí wọ́n ti ń gbé ni ó dá ìjà sílẹ̀.

Kóòtù náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Suberu Dáwódù kú ní Èkó ní ọdún 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ni ó bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Bí a bá pín ogún náà ní orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́rin ni. Adájọ́ àkọ́kọ́ sọ pé orí-ò-jorí ni ó bá ìgbà mu. Ní ọdún 1958, kóòtù gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀ lórí pínpín, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí. Ìgbìmọ̀ olùdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1962. Onímọ̀ òfin rí ìlànà ogún níbẹ̀. Onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá rí ohun mìíràn: nínú ilé olórogún, ìyá ni igi tí àwọn ọmọ so mọ́. Ọmọ ìyá kan yàtọ̀ sí ọbàkan. Ẹni tí ó bá kà wọ́n pọ̀ bí ọmọ bàbá kan ṣoṣo kò tíì mọ ìdí tí ìyá kan fi ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nítorí ọmọ tirẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ilé àtijọ́ kò ní àbùkù, tàbí pé kí á padà sí i. Ẹbí ń yí padà lójú gbogbo ènìyàn. Tọkọtaya tí ó ń gbé ní yàrá méjì ní ìgboro, obìnrin tí ó ń dá ọmọ tọ́, àti ọkọ tí ó wà lókè òkun tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹbí ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti wò wọ́n bí wọ́n ti rí, kí ó má fi ọ̀kan ṣe òṣùwọ̀n èkejì.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìtumọ̀ ẹbí sórí, ẹ ní kí ó lọ sí agbo ilé kan. Kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó sùn níbẹ̀ lóru àná sílẹ̀. Kí ó béèrè ìkòkò tí oníkálukú ń jẹ nínú rẹ̀, àti ẹni tí ó ra ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó, kì í ṣe lọ́wọ́ baálé nìkan. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyálé àti ìyàwó kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ohun tí ojú wọn rí nínú ilé kan náà kò rí bákan náà. Bí ó bá padà dé, tí ìdáhùn wọn kò bára mu, kí ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.